Ohun Tí A Kò Wá Ni A Kò Rí: Ìtàn Àwárí Àrùn Ọ̀nà Ìtọ̀ Ọkùnrin àti Orúkọ Tí Yorùbá Fún Un

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó bí ọmọ púpọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni tọ̀. Láti ara rẹ̀ ni a ti ṣẹ̀dá ìtọ̀, ohun tí a ń tọ̀. Àpòòtọ̀, àpò tí ìtọ̀ ń dúró sí. Àtọ̀gbẹ, àrùn tí ń mú ènìyàn tọ̀ títí tí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Àti àtọ̀sí, àrùn tí kì í jẹ́ kí ìtọ̀ já geere, tí ń mú un kán tó, tó, tó pẹ̀lú ìrora. Ẹni tí ó bá fi ojú onímọ̀ èdè wo orúkọ àrùn méjì tí ó kẹ́yìn yìí yóò rí i pé ìlànà kan náà ni a tẹ̀ lé láti ṣẹ̀dá wọn: ohun tí ojú rí, tàbí tí aláìsàn mọ̀ lára, ni a fi sọ àrùn lórúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àmì ni àwọn baba ńlá wò kí wọ́n tó sọ àrùn lórúkọ.

Ìlànà yìí dára púpọ̀ fún àrùn tí ó bá ń ké. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà ní ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin tí kì í sábà ké nígbà tí apá ṣì ká a. Nígbà tí yóò bá fi ké, ó ti rìn jìnnà nínú ara. Àrùn náà ni jẹjẹrẹ próstéètì. Kò sí lára àwọn àrùn tí a gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu tàgbà tèwe, nítorí kò ní àmì kan pàtó tí a lè fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe èdè Yorùbá nìkan ni ó pẹ́ kí ó tó rí àrùn yìí. Lọ́ńdọ̀nù pẹ́, Amẹ́ríkà pẹ́, àwọn ilé-ìwòsàn ńlá wa náà sì pẹ́. Ní ibi gbogbo tí àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ sọ pé àrùn náà ṣọ̀wọ́n, ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé àìwá a ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó mú kí ó dà bí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, ìtàn bí a ṣe ń tètè mọ àrùn yìí jẹ́ ìtàn bí ènìyàn ṣe kọ́ láti wá ohun tí kò tíì pe àkíyèsí sí ara rẹ̀.

2. Ohun tí ojú rí: orúkọ àrùn ọ̀nà ìtọ̀ nínú èdè Yorùbá

Kí a tó lọ sí òkèèrè, ó yẹ kí a wo bí orúkọ tí a fún àrùn ṣe ń darí ohun tí aláìsàn ń ṣe. Àtọ̀sí ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Ní 1879 ni Albert Neisser, oníṣègùn ará Jámánì, rí kòkòrò tí ó ń fa àrùn yìí. Lóde òní, oògùn wà fún un. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìtọ̀ tí ń kán àti ìrora ni orúkọ rẹ̀ dúró lé, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ó gbà pé bí ìrora bá ti lọ, àrùn ti lọ nìyẹn. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Àrùn tí a kò tọ́jú tán lè dá ọgbẹ́ sí inú ọ̀nà ìtọ̀. Ọgbẹ́ náà yóò jinná, àpá rẹ̀ yóò sì máa fún ọ̀nà náà pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí ọkùnrin náà ti gbàgbé ohun tí ó ṣe é ní ìgbà èwe, ìtọ̀ lè kọ̀ láti jáde. Àmì ti lọ, orúkọ ti lọ, ṣùgbọ́n àrùn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àpẹẹrẹ kejì ni àtọ̀sí ajá, orúkọ tí a ń pe àrùn tí ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀. Inú omi odò àti adágún tí ìgbín kéékèèké ń gbé ni àrùn yìí ti ń wá. Aràn rẹ̀ a máa gba awọ ara wọlé, a sì máa yé ẹyin sí ara àpòòtọ̀. Theodor Bilharz, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Cairo, ni ó rí aràn náà ní 1851. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́yìn tí wọ́n sé odò Ọyán ní 1983, àrùn náà gbilẹ̀ láàárín àwọn abúlé tí ó wà ní etí adágún náà. Ní àwọn agbègbè kan ní Nàìjíríà, àwọn òbí kò ka ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ ọmọkùnrin sí àrùn. Wọ́n ní àmì pé ọmọ ń bàlágà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní 1994, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé fi aràn yìí sí ara àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, nítorí ohun tí ó ń ṣe sí àpòòtọ̀. Níhìn-ín, ojú rí àmì kedere, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí a fún àmì náà ni ó gbé àrùn pamọ́.

Àpẹẹrẹ kẹta ni ìpá. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ni a fi ń pe ìfun tí ó já wá sínú ẹpọ̀n, òun náà ni a fi ń pe omi tí ó gbárajọ yí kórópọ̀n ká. Ìtọ́jú méjèèjì kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé wíwú ni ojú rí, wíwú ni orúkọ dúró lé.

Yàtọ̀ sí èyí, ìtìjú tún wà. Yorùbá kì í dárúkọ ẹ̀yà ara tí aṣọ bò láàárín àwùjọ. Abẹ́ ni a ó wí, tàbí ojú ara, tàbí nǹkan ọkùnrin. Àdàpè kì í ṣe ohun tuntun nínú ọ̀rọ̀ àìsàn. Ìbẹ̀rù ni ó mú kí wọ́n máa pe Ṣọ̀pọ̀nná ní Olóde tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná. Ní ti àrùn abẹ́, ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà tí ó kọ́ wa ní àdàpè ni ó kìlọ̀ fún wa pé àdàpè olè ni ‘ọmọ mi ń fẹ́wọ́’. Bí baba àgbàlagbà bá ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru láti lọ tọ̀, tí ó ń dúró pẹ́ kí ìtọ̀ tó yọ, àwọn ará ilé a ní ọjọ́ ogbó ni. Ọjọ́ ogbó di àdàpè fún ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

3. Ohun tí wọ́n pè ní ọ̀wọ́n ní òkèèrè

Próstéètì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpòòtọ̀ ọkùnrin. Ní ìgbà tí ọkùnrin ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èso àsálà lọ. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde gba àárín rẹ̀ kọjá bí okùn ṣe ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Omi tí ó ń pèsè wà lára ohun tí ó para pọ̀ di àtọ̀. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ‘ẹni tí ó dúró níwájú’. Ìtàn so orúkọ náà mọ́ Herophilus, oníṣègùn tí ó yẹ òkú ènìyàn wò ní Alexandria, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 300 kí a tó bí Kristi. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ju 1,800 ọdún lọ kí Niccolò Massa ní Venice tó ṣàpèjúwe ẹ̀yà ara yìí ní 1536, tí Vesalius sì ya àwòrán rẹ̀ ní 1538.

Ní gbogbo àkókò gígùn yìí, ìtọ̀ tí ó dí ni àwọn oníṣègùn ń bá jà, kì í ṣe ohun tí ó dí i. Wọ́n ń ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọ̀nà ìtọ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ní 1752, Benjamin Franklin, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, ṣe ọ̀pá fàdákà kan tí ó ṣeé tẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John, ẹni tí òkúta inú àpòòtọ̀ ń dà láàmú. Ní 1901, Peter Freyer ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ tí a fi ń yọ próstéètì tí ó wú. Àwọn ohun wọ̀nyí dín ìyà àwọn arúgbó kù, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyà ti ń jẹ nìkan ni wọ́n wà fún.

Ní ti jẹjẹrẹ gan-an, ọdún 1853 ni John Adams, dókítà oníṣẹ́-abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí ó ní i, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ ẹran ara rẹ̀ wò. Adams sọ nínú ìwé rẹ̀ pé àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi ni. Kò sì ṣeé bá wí. Ní ayé tirẹ̀, ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ sé tí ó sì kú, arúgbó tí ìtọ̀ rẹ̀ sé ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ó sì ní àrùn náà ní ìkọ̀kọ̀ kò wá sí ọ̀dọ̀ dókítà rárá, nítorí kò sí ohun tí ń dùn wọ́n.

Ọdún 1935 ni a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jìn tó. Arnold Rich, onímọ̀ nípa àrùn ní Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, yẹ próstéètì àwọn ọkùnrin tí ó ti lé ní 50 ọdún wò lẹ́yìn ikú wọn. Ó rí jẹjẹrẹ lára nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé ohun mìíràn ni ó pa wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura sí jẹjẹrẹ lára wọn nígbà ayé wọn. Àrùn tí a pè ní ọ̀wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tí ó ń rìn kiri láàárín ìgboro. Ìwádìí Rich gbé ìbéèrè méjì kalẹ̀ tí kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Àkọ́kọ́ ni pé: báwo ni a ṣe lè rí i kí ó tó pa ènìyàn? Èkejì ni pé: nínú àwọn tí ó ní i, ta ni yóò pa, ta sì ni kò ní í ṣe ní nǹkan kan títí ọjọ́ alẹ́?

4. Láti orí ìrora dé orí àyẹ̀wò

Iṣẹ́ John McNeal, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, jẹ́ kí a mọ ìdí tí àrùn yìí fi ń dákẹ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ó ti ṣàlàyé pé agbègbè orí-ò-jorí ni ó wà nínú próstéètì. Èyí tí ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká ni ó sábà máa ń wú bí ọkùnrin bá ń dàgbà. Wíwú náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n nítorí pé ó sún mọ́ ọ̀nà ìtọ̀, ó ń fún un pọ̀, aláìsàn sì tètè ń mọ̀. Èyí tí ó wà lẹ́yìn, tí ó kọjú sí ìhà ìdí, ni jẹjẹrẹ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ jìnnà sí ọ̀nà ìtọ̀. Nítorí náà, jẹjẹrẹ lè ti gba ibẹ̀ kan, kí ìtọ̀ ṣì máa já geere. Ohun tí ó ń ké kì í sábà jẹ́ èyí tí ń pani. Èyí tí ń pani kì í sábà tètè ké.

Ibi tí jẹjẹrẹ ń gbé yìí kan náà ni ó fún àwọn oníṣègùn ní ọ̀nà àkọ́kọ́ láti wá a. Bí dókítà bá wọ ìbọ̀wọ́, tí ó sì fi ìka kan yẹ inú ìdí wò, ẹ̀yìn próstéètì ni ìka rẹ̀ yóò kàn. Bí ó bá le bí òkúta, tàbí tí kókó wà lára rẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n lára. Hugh Hampton Young, tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ láti yọ gbogbo próstéètì tí jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀ ní Baltimore ní 1904, rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti máa fi ọ̀nà yìí tètè wá àrùn náà. Àyẹ̀wò tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ ni. Ìtìjú ni ó jẹ́ kí ó ṣòro, kì í ṣe ìrora.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ẹ̀jẹ̀. Ní 1938, Alexander Gutman àti ìyàwó rẹ̀ Ethel fi hàn ní New York pé ohun kan wà tí ó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ próstéètì wọn ti ràn dé egungun. Ní 1941, Charles Huggins àti Clarence Hodges ní Chicago fi hàn pé omi ara tí kórópọ̀n ń pèsè ni ó ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, àti pé bí a bá dá a dúró, àrùn yóò súnrakì. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní 1966. Àmọ́ ìtọ́jú ẹni tí àrùn ti ràn ká ara rẹ̀ ni gbogbo èyí ń sọ.

Ọdún 1979 ni ìlẹ̀kùn mìíràn ṣí. Ní ilé ìwádìí Roswell Park ní ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà, Ming Chu Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya èròjà kan sọ́tọ̀ láti ara próstéètì, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí PSA lónìí. Ní 1986, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i kí a máa fi ṣọ́ àwọn tí wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n ní jẹjẹrẹ. Ní 1991, William Catalona àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè fi wá àrùn náà lára ẹni tí kò tíì ṣàìsàn. Ní 1994, ìjọba fọwọ́ sí èyí náà, pẹ̀lú àyẹ̀wò ìka. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè sọ pé ó yẹ kí a wo nǹkan kan.

5. Ìbàdàn, Washington àti Èkó

Ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1957. Ní 1962 ni wọ́n dá ibi ìkọ̀wé-pamọ́ nípa àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àkọsílẹ̀ náà ni ó jẹ́ kí Ìbàdàn wọ inú ọ̀rọ̀ tí ayé ń sọ nípa próstéètì. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Howard ní Washington, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, darapọ̀ mọ́ àwọn ti Ìbàdàn láti fi ìlú méjèèjì wéra. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ hàn gbangba. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni òwò ẹrú ti kó àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà lọ. Bí ìdílé bá jẹ́ ọ̀kan, kí ni ó dé tí àkọsílẹ̀ àrùn kò jẹ́ ọ̀kan? Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde, Washington ni wọ́n pè ní ibi tí àrùn náà ti pọ̀, Ìbàdàn sì ni ibi tí ó ti kéré.

Fún ọdún púpọ̀, èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ próstéètì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọkùnrin Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ tí Adams sọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1853 ni ó tún padà wá ní ẹ̀dà mìíràn. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ilé-ìwòsàn kì í ju àwọn tí ó wá sí ilé-ìwòsàn lọ. Baba tí ó kú sí oko, tí ẹ̀yìn ti ń ro ó láti ọdún kan sẹ́yìn, kò sí nínú ìwé. Ẹni tí wọ́n tọ́jú ẹ̀yìn ríro rẹ̀ ní làkúrègbé, nígbà tí ó jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti wọ egungun rẹ̀, kò sí nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó kú kí wọ́n tó dé ọjọ́ orí tí àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀.

Ní 1997, Osegbe, dókítà oníṣẹ́-abẹ ọ̀nà ìtọ̀ ní Èkó, tako èrò náà nínú iṣẹ́ kan tí ó fi ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kì í ṣe òótọ́. Iye àwọn tí ó ní àrùn náà láàárín àwọn aláìsàn ilé-ìwòsàn tí ó yẹ̀ wò jẹ́ 127 nínú 100,000. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé àrùn ti jìnnà lára wọn kí wọ́n tó wá. Ní 1999, Ogunbiyi àti Shittu ní Ìbàdàn fi hàn láti inú àkọsílẹ̀ UCH pé jẹjẹrẹ próstéètì ti di èkíní nínú jẹjẹrẹ tí ń ṣe ọkùnrin. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, ìlú tí wọ́n pè ní ibi tí àrùn ti kéré ti yí padà nínú ìwé. Ohun tí ó yí padà jù ni pé àwọn kan wá a.

6. Àríyànjiyàn lórí wíwá

Kò ní í tọ́ kí a parí ìtàn náà síbẹ̀, bí ẹni pé wíwá kò ní ewu tirẹ̀. Ìbéèrè kejì tí Rich gbé kalẹ̀ ní 1935 padà wá. Bí PSA ṣe tàn káàkiri ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń rí jẹjẹrẹ lára àwọn tí kì bá tí mọ̀ ọ́n títí wọn yóò fi kú ikú ogbó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún púpọ̀ nínú wọn, àwọn kan kò sì lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, agbára ọkùnrin sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀. PSA fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí kì í ṣìnà. Próstéètì tí ó kàn wú lè gbé e sókè. Àrùn tí kòkòrò fà lè gbé e sókè. Ẹni tí tirẹ̀ kò sì ga lè ní jẹjẹrẹ.

Ní 2009, àbájáde ìwádìí ńlá méjì jáde pa pọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù fi hàn pé àyẹ̀wò PSA dín ikú tí jẹjẹrẹ próstéètì ń fà kù ní nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó yẹ kí wọ́n wà láìṣàyẹ̀wò ni wọ́n ti lọ ṣe é fúnra wọn. Ní 2012, ìgbìmọ̀ tí ń gba àwọn ará Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn ní kí wọ́n má ṣe àyẹ̀wò náà mọ́ fún ẹni tí kò ní àmì. Ní 2018, ìgbìmọ̀ kan náà yí ohùn padà: kí ọkùnrin tí ó wà láàárín 55 sí 69 ọdún bá dókítà rẹ̀ jíròrò, kí ó sì pinnu fúnra rẹ̀. Lóde òní, a tún ń fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán próstéètì kí a tó gé ẹran díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, jẹjẹrẹ tí kò bá sì le, ṣíṣọ́ ni a lè máa ṣọ́ ọ láìfi abẹ kàn án.

Àríyànjiyàn yìí, ìlú tí àyẹ̀wò ti pọ̀ lápọ̀jù ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin Ìbàdàn tàbí Èkó tí ó ń dé ilé-ìwòsàn nígbà tí egungun ti ń dùn ún kò sí nínú ewu pé wọn yóò tètè rí àrùn rẹ̀ jù. Ewu tirẹ̀ wà ní òdìkejì. Ẹni tí ó bá mú ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún Washington, tí ó sì gbé e kalẹ̀ fún ọkùnrin Òṣogbo láìṣàlàyé, aṣọ ẹlòmíràn ni ó gbé wọ̀ ọ́. American Cancer Society fúnra rẹ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀: 50 ọdún ni ó ní kí ọ̀pọ̀ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n 45 ni fún ènìyàn dúdú àti fún ẹni tí baba rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní àrùn náà kí ó tó pé ọdún 65, 40 sì ni fún ẹni tí ó ju ẹyọ kan lọ nínú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ti ní i.

7. Àwọn tí ó dákẹ́ àti àwọn tí ó sọ̀rọ̀

Ìtàn àwọn aṣáájú Áfíríkà fi bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń yí padà hàn. Kwame Nkrumah kú ní Bucharest ní oṣù kẹrin ọdún 1972, ní ọmọ ọdún 62. Jẹjẹrẹ próstéètì ni ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ pé ó pa á, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń ṣàìsàn, bòńkẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ní 1985, wọ́n gbé Nelson Mandela láti inú ẹ̀wọ̀n lọ sí ilé-ìwòsàn ní Cape Town fún iṣẹ́ abẹ próstéètì tí ó wú. Ibẹ̀ ni Kobie Coetsee, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìdájọ́, ti lọ bẹ̀ ẹ́ wò; ìbẹ̀wò náà sì wà lára ohun tí ó ṣílẹ̀kùn ìjíròrò tí ó fòpin sí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní 2001, nígbà tí Mandela pé ọdún 83, wọ́n rí jẹjẹrẹ lára próstéètì rẹ̀, wọ́n sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì gbé ọdún méjìlá sí i. Bíṣọ́ọ̀bù Desmond Tutu, tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní 1997, kò fi pamọ́. Ọdún 2021 ni ó tó kú, ní ọmọ ọdún 90.

Ní ilé, Wọlé Ṣóyínká ni ó sọ̀rọ̀ jáde. Ní 2014, ọdún tí ó pé 80, ó sọ fún àwọn oníròyìn ní Abẹ́òkúta pé wọ́n ti rí jẹjẹrẹ próstéètì lára òun, àti pé òun ti gba ìtọ́jú. Òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀, àgbàlagbà Yorùbá, dárúkọ àrùn abẹ́ ní gbangba láìfi àdàpè bò ó. Ọ̀rọ̀ náà ṣe ohun tí ìwé ìlera púpọ̀ kò lè ṣe: ó fi hàn pé ọkùnrin lè sọ ọ́ kí ọlá rẹ̀ má sì dín.

8. Àgbálọgbábọ̀

Kò sí oúnjẹ tàbí àgbo kan tí ìwádìí ti fi hàn pé ó ń dènà jẹjẹrẹ próstéètì pátápátá. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ọkùnrin yàtọ̀ láti àrùn kan sí òmíràn. Ẹni tí kò bá mu sìgá ti jìnnà sí ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fa jẹjẹrẹ àpòòtọ̀ jù. Ẹni tí ó bá yẹra fún odò tí àtọ̀sí ajá wà nínú rẹ̀, tàbí tí ó tètè gba oògùn rẹ̀, ti dáàbò bo àpòòtọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá tọ́jú àtọ̀sí tán ti dáàbò bo ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kò bá já geere mọ́, tí ó ń dìde lóru léraléra, tàbí tí ó tọ ẹ̀jẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ pè é ní ọjọ́ ogbó kí ó tó di pé dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú àmì wọ̀nyí, tí ó ti pé ọjọ́ orí tí a dárúkọ, ni ìtàn yìí ń bá wí jù. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ojúṣe kan sì wà fún àwọn olùkọ́ èdè. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1984, tí Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìkejì ní 1990, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ láìyá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ju bí ó ti yẹ lọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó dé inú ara ènìyàn. Bí a bá fẹ́ fún próstéètì ní orúkọ Yorùbá, kí a ṣọ́ra kí a má tún fi àmì sọ ọ́ lórúkọ. Bí a bá pe àrùn rẹ̀ ní ìtọ̀-sísé tàbí ìtọ̀ arúgbó, ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń já geere yóò rò pé kò kan òun, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ibi tí ẹ̀yà ara náà wà ni ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ dúró lé, bí àwọn ará Gíríìkì ti ṣe nígbà tí wọ́n pè é ní ẹni tí ó dúró níwájú. Kókó ẹnu àpòòtọ̀ yóò ṣe é: gbogbo ọkùnrin ni ó ní i, ìbá ń dùn ún, ìbá má dùn ún.